Lẹ́tà ṣíṣí sí Màmá Àlàbá, níbikíbi tí wọ́n bá wà

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta mà.

Mo mọ̀ pé ọjọ́ mẹ́ta kọ́, ó ti lé ní àádọ́ta ọdún, àmọ́ ẹ bá mi wò ó, Yorùbá ní ìkíni fún ẹni tó ń dirun, ó ní fún ẹni tó jókòó lásán tí ò ṣe nǹkan kan, èyí tí wọ́n fi ń kí ìyá tí ọmọ ẹ̀ wà ní Ìlú Ọba tí wọn ò fojú kanra mọ́ láti ìgbà tí ọmọ ò tíì mọ ọ̀tún yàtọ̀ sí òsì, èmi ò tíì gbọ́ ọ rí. Ká ṣáà fi ọjọ́ mẹ́ta náà ṣe é. Ẹ kú ilé o, ẹ sì kú àgbà.

Ẹ ò mọ̀ mí. Aránṣọ ni mí, mo ní ṣọ́ọ̀bù kékeré kan ní Peckham, nítòsí Rye Lane níbi tí àwọn tó ń ta iṣu àti pọ̀nmọ́ pọ̀ sí. Ọmọ Ìbàdàn ni mí, 1994 ni mo dé ìlú yìí. Èmi kọ́ ni mò ń wá yín, ọmọ yín ni, mo kàn ń bá a kọ ọ́ ni torí Yorùbá tó gbọ́ ò tíì tó èyí tó lè fi kọ lẹ́tà, ó gbọ́ ẹ káàárọ̀, ó gbọ́ ẹ ṣé, ó gbọ́ mo ti yó, ó tún gbọ́ èébú kan tí ọmọ iṣẹ́ mi kọ́ ọ tí mo ti bá àwọn méjèèjì wí lé lórí. Ó ti kọ́kọ́ kọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì, ẹ̀ẹ̀mẹrin, Gẹ̀ẹ́sì tó dáa ni o, àmọ́ nígbà tó kà á sí mi létí ṣe ló ń dún bíi lẹ́tà tí báńkì fi ń sọ fún èèyàn pé gbèsè ẹ̀ ti pọ̀ jù. Mo ní ìyá tó ti ń lọ sí 85 ò ní fẹ́ gba irú èyí. Mo ní kó gbé ìwé yẹn wá.

Mi ò ní kọ orúkọ ìdílé kankan síbí. Ẹni tọ́rọ̀ kàn máa mọ ara ẹ̀ tó bá kà á.

Bó ṣe dé ọ̀dọ̀ mi rèé. Sátidé kan ní 2021 ló gbé lééṣì wá, ẹnì kan níbi iṣẹ́ ẹ̀ ló ń ṣègbéyàwó, wọ́n ti fún un ní aṣọ ẹbí, kò sì mọ ohun tí wọ́n ń fi ṣe. Obìnrin dúdú bíi tiwa, ọrùn, ìbàdí, gbogbo ẹ̀, mo ní ẹ káàsán mà, ó dá mi lóhùn bí ẹni ń ka ìròyìn ní BBC. Mo wọ̀n ọ́n tán, mo bi í ní orúkọ tí mo máa kọ sórí rìsíìtì, ó sọ orúkọ òyìnbó kan, ó wá ní òun tún ní òmíì o, pé òun ò mọ bí wọ́n ṣe ń pè é, ó mú ẹ̀dà ìwé kan jáde nínú báàgì. Ó pè é bí ẹni tó fẹ́ pe Alabama tí èémí ẹ̀ ò délé.

Sátífíkéètì ìbí ni, July 1968, London. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀: Alaba Ashake.

Mi ò rò ó rárá kí n tó sọ̀rọ̀. Bí wọ́n ṣe ń béèrè lọ́wọ́ Àlàbá èyíkéyìí ni mo ṣe béèrè, mo ní, Táyé àti Kẹ́hìndé ńkọ́, ṣé wọ́n wà níbí ni àbí ilé? Ó ní, ta ni? Mo ní àwọn ẹ̀gbọ́n yín. Ó ní òun ò ní ẹ̀gbọ́n. Mo ní ah, ẹ ní o, ẹ ní mẹ́ta, èèyàn kì í ṣàdédé jẹ́ Àlàbá, ìyá yín ti bí ìbejì, ó ti bí Ìdòwú tẹ̀ lé wọn, kó tó wá kan ẹ̀yin. Téèpù ìwọnṣọ ṣì wà lọ́rùn mi. Obìnrin yẹn jókòó sílẹ̀, kì í ṣe sórí àga o, ilẹ̀ẹ́lẹ̀, láàárín àwọn àjákù aṣọ tí mo ti gé dànù, ó ń sọ ọ́ lẹ́nu pé mẹ́ta, mẹ́ta.

Ọdún méjì ni ìwé yẹn ti wà nínú báàgì ẹ̀ mà. Ó ti fi han onímọ̀ràn tí ìjọba ní kó lọ rí, ó ti fi han ẹnì kan tó ń bá èèyàn wá ẹbí tó sì ń gbowó gidi lórí ẹ̀, wọ́n wo orúkọ yẹn, wọ́n tún un tẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà, ó tán. Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ, àwọn yẹn ò wolé kankan, báwo ni wọ́n ṣe fẹ́ mọ̀.

Nígbà tó dìde ló wá bi mí ní ìtumọ̀ èkejì. Mo ní Àṣàkẹ́ ni, oríkì ni, ẹni tí wọ́n ṣà lọ́tọ̀ kí wọ́n lè máa kẹ́ ẹ. Ó ní tí wọ́n bá ti ṣa òun lọ́tọ̀ láti kẹ́, kí ló wá dé tí wọ́n gbé òun fún ẹlòmíì? Mi ò rí èsì fọ̀. Mo lọ gbé omi tíì kaná.

Ẹ jẹ́ n sọ ohun tó wà lọ́wọ́ ẹ̀ fún yín, kẹ́ ẹ lè mọ̀ pé òun náà ni. Ìyá òyìnbó tó tọ́ ọ dàgbà ní Kent kú ní 2018, àpòòwé kan ló fi sílẹ̀ fún un. Ìpolówó kan wà nínú ẹ̀ tí wọ́n fi sáàsì gé látinú Nursery World, pé àwọn òbí tó ń kàwé ń wá ilé tó dáa fún ọmọbìnrin ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Fọ́tò kan wà níbẹ̀, obìnrin tó wọ ìró àti bùbá, ó wọ kádígàn lé e, ó wé gèlè tó dúró ṣánṣán nínú òtútù yẹn, ó di ọwọ́ kẹ̀kẹ́ ọmọ mú níwájú ilé oníbíríkì kan, wọ́n fi báírò kọ Sept. 1968 sẹ́yìn ẹ̀. Òjìji gèlè ti bo ìdajì ojú yín. Ó ti fi fóònù fẹ̀ ẹ́ títí, kò rí ju imú àti ẹnu lọ.

Lẹ́tà méjì ló tún wà níbẹ̀. Nínú ọ̀kan ẹ ní ẹ ti fi òrí ránṣẹ́ nínú ìgò, kí wọ́n jọ̀ọ́ kí wọ́n máa fi para fún un lálaalẹ́ torí awọ ẹ̀ máa ń gbẹ. Mo fẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀ pé ìgò yẹn dé. Wọn ò mọ nǹkan tó jẹ́ ni, ìyá yẹn rò pé ọ̀rá tí wọ́n fi ń dín nǹkan ni, ó gbé e sínú kọ́bọ́ọ̀dù ìdáná títí ó fi rí ohun tó rí. Àlàbá sọ pé títí tóun fi pé ọmọ ọdún 15, ńṣe lẹsẹ̀ òun máa ń funfun bíi ti ẹni tó rìn nínú ìyẹ̀fun, irun òun, wọ́n kàn ń gé e mọ́lẹ̀ ni torí kóòmù wọn ò lè wọ̀ ọ́. Òun náà ń rẹ́rìn-ín tó bá ń sọ ọ́. Nísinsìnyí òrí mẹ́ta ló wà nínú báàlùwẹ̀ ẹ̀, ó rà á bí ẹni tó ń gba gbèsè.

Ẹ̀yin ni ẹ mọ bí ayé yẹn ṣe rí, ẹ ò nílò kí n sọ ọ́ fún yín, àwọn ọmọdé tó máa ka èyí ni mo fẹ́ sọ ọ́ fún, torí wọ́n máa kàn yára ṣépè ni. Láti bíi àárín àwọn ọdún 1950 sí i ni àwọn tọkọtaya láti ilé ti ń wá kàwé níbí, lọ́yà, akáǹtì, nọ́ọ̀sì, wọ́n ní kí wọ́n lọ gbàwé kí wọ́n wá jókòó sórí àga tí àwọn òyìnbó ń dìde kúrò lórí ẹ̀. Yàrá kan ṣoṣo ni wọ́n ń gbé, ibi tí wọ́n ti ń dáná náà ni wọ́n ń sùn, ọkọ ń lọ sílé ìwé lọ́sàn-án, ìyàwó ń ṣiṣẹ́ lóru. Onílé tó bá sì gbọ́ igbe ọmọ lè ní kí wọ́n kó ẹrù wọn. Kó tó di pé òfin dé ní 1968, ọdún tí wọ́n bí Àlàbá gan-an, onílé lè kọ ọ́ sójú fèrèsé pé òun ò gba aláwọ̀ dúdú, kò sì sí ibi tẹ́ ẹ máa gbé ẹjọ́ ẹ̀ lọ. Kò sí ìyá àgbà nítòsí, kò sí àbúrò tó máa pọnmọ. Ni wọ́n bá ń fi ìpolówó sínú ìwé ìròyìn, àwọn òyìnbó ní Kent, ní Sussex, ní Essex, ní Hertfordshire ń gba ọmọ, bíi pọ́n-ùn mẹ́ta lọ́sẹ̀, nígbà míì ẹnikẹ́ni ò lọ wo irú ilé tó jẹ́ kí wọ́n tó gbé ọmọ sílẹ̀. Farming ni wọ́n ń pè é. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ ni. Adewale Akinnuoye-Agbaje tẹ́ ẹ máa ń rí nínú fíìmù àwọn ará Amẹ́ríkà, irú ẹ̀ lòun náà, Tilbury ni wọ́n gbé e lọ nígbà tó ṣì wà lọ́mọ ọwọ́, ó sì ti sọ ọ́ fáráyé bó ṣe rí lára òun.

Lójú tiwa ẹni tó gbé ọmọ fún ẹlòmíì kó bá òun tọ́ ọ ò tíì fi ọmọ tọrẹ. Èmi fúnra mi, ọdún mẹ́rin ni mo fi gbé lọ́dọ̀ ìyá ìyá mi ní Ìwó, kò sẹ́ni tó sọ pé wọ́n jù mí nù, ìgbà tó tó àkókò wọ́n wá mú mi. Àgbàtọ́ làwa ń pe ìyẹn, àgbàtọ́ náà la tún ń pe èyí tí kọ́ọ̀tù òyìnbó ṣe, ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ ti dojú rú, torí tiwọn kì í ṣe pé wọ́n ń bá èèyàn mú un dání. Ní 1973 tí kọ́ọ̀tù fọwọ́ sí ti Àlàbá, láti ọjọ́ yẹn lọ, lójú òfin, ńṣe ló dà bí ẹni pé àwọn òyìnbó yẹn ló bí i, orúkọ tuntun, ìwé tuntun, wọ́n tú u lára yín bí a ṣe ń tú okùn lára aṣọ tá a fẹ́ tún rán. Òfin ìgbà yẹn sì jẹ́ kí wọ́n lè ṣe é láìsí àṣẹ òbí tí wọn ò bá rí òbí. Wọ́n kọ̀wé sí Camberwell tẹ́ ẹ ń gbé, ìwé padà wá. Ẹ ti lọlé nígbà yẹn ni, àbí? Ogun ti parí ní January 1970, wọ́n ń wá ẹni tó kàwé lójú méjèèjì, bóyá ẹ sọ pé ká kọ́kọ́ lọ rí iṣẹ́, ká rí ilé, ká wá padà wá mú un. Owó ọ̀sẹ̀ dúró ní 1971. Mi ò mọ̀ bóyá ẹ fi ránṣẹ́ tí ò dé. Mò ń bá yín wá àwíjàre, ẹ ṣáà rí i.

Àǹtí mi, àbúrò bàbá mi, ṣe irú ẹ̀. Ọkùnrin ni tiwọn, Bọ̀dá là ń pè é. Ọdún FESTAC, 1977, ni wọ́n mú un dé sílé ní Òkè-Àdó, ó ti pé ọmọ ọdún mẹ́wàá, èmi ti pé mẹ́sàn-án, kò gbọ́ ẹyọ Yorùbá kan. Ó ń pe ìyá ẹ̀ ní Auntie. Àwa náà ń pè wọ́n ní Àǹtí, a rò pé àwa ló ń fara wé, kò yé wa pé ní tiẹ̀, ìyá ẹ̀ wà ní Kent. A ò ṣàánú ẹ̀ rárá mà, òyìnbó dúdú là ń pè é, a máa ń gbé àmàlà lé e lọ́wọ́ ká lè rí bó ṣe máa yínmú. Gbogbo ọjọ́ Sunday ló ń kọ lẹ́tà, á fún Àǹtí kí wọ́n bá òun fi sí póòsù. Èsì ò wá. Nígbà tó yá kò kọ mọ́, ó kọ́ Yorùbá, ó kọ́ ọ débi pé òun ló ń bú wa jù.

Àǹtí kú ní 2006. Abẹ́ àpótí aṣọ wọn la ti rí àwọn lẹ́tà yẹn, mọ́kànlélógún, wọ́n ti lẹ sítáǹbù mọ́ gbogbo ẹ̀ pátá. Ohun tí mi ò lè gbé kúrò lọ́kàn nìyẹn, pé wọ́n ra sítáǹbù. Wọ́n tò ó, wọ́n sanwó, wọ́n fi itọ́ ẹnu wọn lẹ̀ ẹ́, ọwọ́ wọn ò wá gbé e. Bọ̀dá wo orí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó kó wọn sínú náílọ́ọ̀nù, ó lọ bá àwọn tó ń to àga.

Ẹ jọ̀ọ́ ẹ má bínú pé mo yà sí ilé tiwa. Torí kẹ́ ẹ lè mọ̀ pé mo mọ irú ìdákẹ́jẹ́ tó ń pa ìyá lẹ́nu mọ́ ni.

Ẹ jẹ́ n padà. A ti wá yín o. Òfin tí wọ́n ṣe ní 1975 tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1976 ló jẹ́ kí ọmọ àgbàtọ́ ní England àti Wales lè gba sátífíkéètì àkọ́kọ́ ẹ̀ tó bá ti pé 18, àmọ́ ẹni tí wọ́n gbà tọ́ kó tó di November 1975 gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ rí onímọ̀ràn, torí wọ́n ti ṣèlérí fáwọn ìyá ìgbà yẹn pé àṣírí wọn ò ní tú. Kò fẹ́ gbà á nígbà tí ìyá òyìnbó ẹ̀ wà láyé, ó ní ó máa dà bí ẹni pé òun ń kó ẹrù òun jáde nílé wọn. 2019 ló gbà á. Ẹ wá wo oríburúkú mà, ìwé 1968 ò kọ ìlú tí wọ́n ti bí òbí sí i, April 1969 ni wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ́. Láti July sí April, oṣù mẹ́sàn-án, ìwọ̀n oyún kan péré.

Orúkọ bàbá ẹ̀ tó wà níbẹ̀, Ayan ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ ẹ̀, iṣẹ́ wọn, akẹ́kọ̀ọ́ akáǹtì. Mo sọ fún un pé ilé onílù nìyẹn, bí ẹni tó ń jẹ́ Ọ̀jẹ̀ ṣe máa ń jẹ́ ọmọ eléégún. Inú ẹ̀ dùn, ó ní ó ti kù díẹ̀ nìyẹn, mo wá ní kó má tíì yọ̀, ilé Àyàn wà l'Ọ́yọ̀ọ́, ó wà n'Ísẹ́yìn, ó wà l'Ógbómọ̀ṣọ́, n'Íbàdàn, l'Óṣogbo, ibi tí ọba bá wà tó ní láti jí, onílù á wà níbẹ̀. Kí n tó mú un lọ sóde àríyá kan ní Old Kent Road, mo ti ní ẹ̀jẹ̀ á fà á. Ẹ̀jẹ̀ kankan ò fa nǹkan kan o. Ọmọ Àyàn tí ò mọ ijó jó, ṣe ló ń da ẹsẹ̀ bí ẹni tó tẹ ìjàlọ. Onídùndún wá dúró níwájú ẹ̀, Àlàbá bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, ó ní thank you, kò mọ̀ pé owó ni wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ọn lórí. Gbogbo wa rẹ́rìn-ín, òun náà rẹ́rìn-ín, àmọ́ onílù yẹn wá ń wojú mi pé kí n sọ oríkì orílẹ̀ ẹ̀ kóun lè kì í. Mo ní kó lu Àṣàkẹ́. Ó lu Àṣàkẹ́, ó tún lù ú, ó tún gba ẹ̀yìn lù ú, ó ń dúró kí n fún òun ní èyí tó kàn. Mi ò ní nǹkan tí mo máa fún un. Ó kọjá sọ́dọ̀ ẹlòmíì.

Ọjọ́ yẹn ni mo tó mọ nǹkan tó ń wá. Àwọn kan ti sọ fún un, ọmọ Yorùbá ni wọ́n o, pé òyìnbó ti tọ́ ọ, o kàwé, o nílé, kí lo tún ń wá kiri, òmíràn á wá máa pa òwe odò tó gbàgbé orísun fún un, òwe yẹn ti sú òun náà, ẹ ní odò ò gbọ́dọ̀ gbàgbé orísun, ẹ ò sì fún odò ní àdírẹ́ẹ̀sì.

Mo ní kó tutọ́ sínú ìgò DNA. Àwọn ìbátan tó jáde fún un, àwọn dúdú Amẹ́ríkà ló pọ̀ jù, tí wọ́n ti kó àwọn bàbá ńlá wọn lẹ́rú lọ, ẹ̀jẹ̀ tó pa wọ́n pọ̀ ò ju ẹ̀kán omi lọ, àwọn yẹn ló máa ń dá a lóhùn kó tó gbé fóònù sílẹ̀, káàbọ̀ cousin, wọ́n á fi ọkàn pupa sí i. Ẹnì kan ṣoṣo tó sún mọ́ ọn dáadáa, ọmọ Yorùbá ni, ọ̀dọ́mọkùnrin kan ní Houston, ẹ̀jẹ̀ wọn fi hàn pé bàbá àgbà tàbí ìyá àgbà wọn pa pọ̀ níbì kan. Ó kọ́kọ́ ń dáhùn. Nígbà tí Àlàbá wá bi í bóyá obìnrin kan wà nínú ẹbí wọn tó gbé ní London láàárín 1960 sí 1970, tó bí ìbejì, ó ní kó jẹ́ kóun bi dádì òun. Ibẹ̀ la ti gbọ́ ọ mọ. Tó bá jẹ́ pé ìwọ lò ń ka èyí, ọmọ mi, mi ò bú ẹ o. Padà lọ bi dádì ẹ, kó jẹ́ ẹ̀yìn tó bá jẹun tán.

Ohun tí mo tìtorí ẹ̀ jókòó kọ lẹ́tà yìí gan-an ló kù, mo ti ń yí po ẹ̀ láti òkè.

Ní 2018, nígbà tí ìyá òyìnbó yẹn ò lè dìde mọ́, ó sọ nǹkan kan fún Àlàbá. Ó ní ní 1975, ọjọ́ Sátidé kan, ọkùnrin dúdú kan wá kan ilẹ̀kùn, ó wọ kóòtù, bàtà ẹ̀ ń dán, ó gbé ọmọláńgidi dání àti àpò kan. Ó béèrè ọmọ. Ìyá yẹn sọ fún un pé àwọn tó ń wá ti kó lọ sí Scotland, pé òun ò mọ àdírẹ́ẹ̀sì wọn. Àlàbá wà lẹ́yìn ilé, ó ń ṣeré. Ọmọ ọdún méje. Ọkùnrin yẹn dúró pẹ́, ó dúpẹ́, ó lọ. Ìyá yẹn ní ẹ̀rù ló ba òun, pé òun rò pé wọ́n á gbé e lọ sí Áfíríkà òun ò sì ní rí i mọ́, pé kò sí alẹ́ kan látìgbà yẹn tóun ò rí bàtà yẹn.

A ò mọ̀ bóyá bàbá ẹ̀ ni, bóyá àbúrò yín ni, tàbí ẹnì kan tó ń bọ̀ ní London tẹ́ ẹ bẹ̀. Àmọ́ ẹnì kan padà jíṣẹ́ fún yín, ó dá mi lójú. Ó sọ fún yín pé wọ́n ti kó lọ. Bóyá ẹ ti ń rò ó láti ìgbà yẹn pé wọ́n gbọ́ pé ẹ ń bọ̀ ni wọ́n ṣe sá, tàbí pé ọmọ fúnra ẹ̀ dàgbà tán kò wá yín. Mà, wọn ò kó lọ síbì kankan. Ilé kan náà ni, ọ̀nà kan náà, títí ó fi di 1989. Kò sẹ́ni tó sọ fún ọmọ pé ẹnì kan wá. Ó dàgbà pẹ̀lú èrò pé kò sẹ́ni tó wá rárá.

Ó fẹ́ràn ìyá òyìnbó yẹn o, mi ò fẹ́ parọ́ fún yín, ó sin ín dáadáa, ó sì ń gbé òdòdó lọ sí sàréè ẹ̀. Ó bínú sí i, ó tún fẹ́ràn ẹ̀. Èmi tí mo bínú jù, mo bínú sí ìyá yẹn, mo bínú sí kọ́ọ̀tù tó kọ̀wé ẹyọ kan tó sì ní òun ti wá èèyàn. Mo bínú sí ẹ̀yin náà, ẹ forí jì mí, àwọn ọjọ́ kan wà tí mo ń rán aṣọ tí mò ń bá yín jà nínú ọkàn mi pé bàtà kan ṣoṣo tó wá kan ilẹ̀kùn ò tó. Lẹ́yìn náà mo máa ń rántí sítáǹbù Àǹtí.

Kò wá ogún. Ilé ẹ̀ ti san tán, ó ní pẹ́ńṣàn, ọkọ ẹ̀ tẹ́lẹ̀ náà ní pẹ́ńṣàn. Tó bá jẹ́ pé ẹ ti ní ilé míì, tí àwọn ọmọ tẹ́ ẹ bí níbẹ̀ ò mọ̀, a ò ní wá kan ilẹ̀kùn yín níwájú àlejò. Ó ti forúkọ sílẹ̀ sínú ìwé tí ìjọba ibí ṣí ní 1991, Adoption Contact Register, ẹbí tó bí ọmọ náà lè forúkọ síbẹ̀, tí méjèèjì bá wà níbẹ̀ wọ́n á jẹ́ kó mọ̀. Tí ìyẹn bá ṣòro, kẹ́ ẹ ṣáà rán ẹnì kan wá sí Rye Lane, kó béèrè aránṣọ ọmọ Ìbàdàn lọ́wọ́ àwọn tó ń ta pọ̀nmọ́, wọ́n á mú un wá.

Àwọn nǹkan tó ń béèrè ò pọ̀, bẹ́ẹ̀ ló sì pọ̀. Ìgbà tó lóyún ọmọ ẹ̀ àkọ́kọ́ ni nọ́ọ̀sì ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún un pé AS ni, ó ń béèrè ta ló ni S yẹn nínú ẹ̀yin méjèèjì. Gbogbo ìgbà tí dókítà bá bi í nípa àìsàn tó ń rìn nínú ẹbí, òfo ló ń kọ. Ó ń béèrè bóyá àárọ̀ ni wọ́n bí òun tàbí alẹ́. Ó fẹ́ mọ̀ bóyá Ìdòwú náà wà lọ́wọ́ òyìnbó kan ní Sussex tí ò mọ ìtumọ̀ orúkọ ẹ̀, èyí tiẹ̀ ń dà á láàmú ju ti ara ẹ̀ lọ, gbogbo obìnrin tàbí ọkùnrin tó bá rí tó ń jẹ́ Ìdòwú ló ń wò lójú wò nímú. Ẹ̀yin Táyé àti Kẹ́hìndé, tẹ́ ẹ bá wà láyé, ẹ ti lé ní 60 báyìí, bóyá ọ̀dọ̀ ìyá àgbà lẹ wà nígbà yẹn, ẹ lè rántí pé àwọn òbí yín dé láti London tí ọwọ́ wọn ò sì kún tó bí wọ́n ṣe sọ nínú lẹ́tà. Tó bá jẹ́ ojú ère nìkan ló kù nínú yín náà, kí ẹnì kan sọ fún un.

Ó kù kan. Ó ti ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń kúnlẹ̀ kí ìyá ẹni, nínú ṣọ́ọ̀bù mi níbí, kó lè mọ̀ ọ́n dáadáa kọ́jọ́ náà tó dé. Àmọ́ orúnkún ẹ̀ ọ̀tún ti lọ, wọ́n ní àfi kí wọ́n pààrọ̀ ẹ̀, ó ṣì wà lórí ìlà ní ọsibítù. Ó ní kí n bi yín, tóun bá fi orúnkún òsì nìkan kúnlẹ̀, ṣé ẹ ò ní bínú?